Ọ̀bẹ Tí Wọ́n Ní Ó Ti Bá Baba Lọ

Mo rántí òórùn irin àti àdín tó máa ń wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi nígbà tí mo ń ṣe olùkọ́ ní abúlé kan lẹ́yìn Kamina, lẹ́bàá Atakpamé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kó aṣọ jọ, èmi ń kó ọ̀bẹ tó le. Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé, nítorí àwọn ènìyàn máa ń ṣì í sọ: ọ̀bẹ tó le kì í ṣe ọ̀bẹ tó wúwo, kì í sì í ṣe èyí tó kàn mú. Èyí tó le ni èyí tó gé igi tútù láàárọ̀, tó kun ewúrẹ́ lọ́sàn-án, tí kò sì kújú. Mo gbé wọn kọ́ sára ògiri pálọ̀ bí àwòrán. Ìyàwó mi a wò wọ́n, á ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ilé wa ti di ìsọ̀ alápatà, ẹran nìkan ló kù."

Ọ̀gá wọn ni èyí tí mo rà ní Anié, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta irin àlòkù lẹ́bàá títì. Irin ìdí ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi rọ ọ́, wọ́n fi wáyà pupa wé èèkù rẹ̀, wọ́n sì há owó ẹyọ kan mọ́ ìdí èèkù náà. Mo fi ṣán oko, mo fi la igi ìdáná, mo fi bẹ iṣu. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé bí ó bá kan òkúta, òkúta ni yóò tọrọ àforíjì. Ibikíbi tí mo bá ń lọ, mo ń mú un dání bí ẹni tí ogun ń dúró dè.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú àpò mi lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan, àgbẹ̀ lágbègbè Elavagnon, pè mí síbi ayẹyẹ ọmọ rẹ̀ tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Wọ́n ti pa ẹlẹ́dẹ̀ ńlá kan, àbúrò ọ̀rẹ́ mi sì ń bá egungun itan rẹ̀ jà.

"Sún kúrò, àbúrò," ni mo wí. "Ọ̀bẹ rẹ ń tọ́ egungun wò lásán ni."

Mo fa tèmi yọ. Ó wo ojú irin, ó wo owó ẹyọ tó wà nídìí èèkù, ọ̀bẹ tirẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mẹ́tìrì," bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa nìyẹn, "níbo lẹ ti rí ọ̀bẹ baba wa?"

Mo rò pé ó ń ṣeré. "Òun fúnra rẹ̀ ló tà á fún mi," ni mo dáhùn, mo sì rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò bá mi rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rẹ́ mi ló ṣàlàyé. Nínú agbo ilé wọn, tí wọ́n ṣì ń sin ohun tí àwọn baba wọn sìn, bí àgbẹ̀ bá kú, wọ́n á fi aṣọ funfun di ọ̀bẹ oko rẹ̀, wọ́n á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nínú ibojì, nítorí igbó ti bo ọ̀nà tí àwọn baba ńlá gbà. Òkú ni yóò ṣán an. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìdì náà sí ẹ̀gbẹ́ baba wọn. Ohun inú ibojì ni mo ti fi ń bẹ iṣu jẹ láti ọjọ́ yìí wá!

Kí n tó mí, àbúrò ti di àna wọn mú lọ́rùn aṣọ. Ọkọ àbúrò wọn obìnrin ni ọkùnrin náà, òun ló sì gbẹ́ ibojì.

"Olè ibojì! Ìwọ nìkan lo kù síbẹ̀ nígbà tí gbogbo wa wọlé!"

"Mo fi orí ọmọ mi búra, n kò fọwọ́ kan nǹkan kan!"

Ìyàwó rẹ̀ figbe ta. Ẹnìkan ti ń kígbe pé kí wọ́n mú okùn wá. Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Mo fojú rí i lọ́jọ́ náà. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ ibi tí mo lè gbé e sí.

Nígbà náà ni ìyá wọn, opó baba náà, sọ̀rọ̀ láti orí àpótí lẹ́bàá ààrò.

"Fi ọkọ ọmọ mi sílẹ̀. Èmi ni mo mú un."

Àbúrò jọ̀wọ́ aṣọ àna rẹ̀, ìyá sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Kí ẹ tó gbé ìdì yẹn ni mo ti tú u. Mo yọ ọ̀bẹ baba yín, mo fi ọ̀bẹ tí mo fi ń rẹ́ ilá dípò rẹ̀."

"Ọ̀bẹ ilá?" Àbúrò lanu. "Ìyá, ọ̀bẹ ilá lẹ fún baba kí ó fi ṣán igbó?"

"Mo mọ̀ pé kò ní lè rìn jìnnà. Ìgbà gbogbo ni baba yín máa ń ṣáájú mi dé oko. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, kí ó dúró dè mí."

Inú koríko òrùlé ni ìyá fi í pamọ́ sí. Nígbà tí àwọn ọmọ pààrọ̀ òrùlé sí páànù, ó bá pàǹtírí lọ, kò sì sí ẹni tí ìyá lè bi.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí wọ́n hú ibojì lójú ẹsẹ̀, kí baba lè máa lọ. Ìyá kò bá a jiyàn. Èmi ni ìyá kọjú sí.

"Mẹ́tìrì, ẹ̀yin lẹ rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn."

Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni mí. Wọn kò kọ́ mi pé òkú ń ṣán ọ̀nà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ni mo rí níwájú mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ irin. Mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, "Yóò wà lọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ tí Ìyá bá ń lọ, màá gbé e wá, kí Ìyá fi lé baba lọ́wọ́ fúnra wọn."

Ọ̀rẹ́ mi wo ìyá rẹ̀ títí. "Kò burú," ló sọ. Àbúrò dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀.

"Dìde," ni àna wí, "o ti fi aṣọ ayẹyẹ nu ilẹ̀."

Ìyá ṣì wà láàyè. Bí mo bá lọ kí wọn, ọ̀bẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè.

"Ṣé ó ṣì mú?"

"Ó mú, Ìyá."

"Ẹ má pọ́n ọn jù. N kò tíì múra tán."

N kò fi gé nǹkan kan mọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo ní àkókò láti ronú, bí mo bá sì ń fi epo pa á, àyà mi ṣì máa ń já: ní gbogbo ọdún tí mo fi ń ṣe fáàrí kiri, bí ohun tí wọ́n sọ bá jẹ́ òótọ́, ọkùnrin kan wà lójú ọ̀nà tó di ọ̀bẹ ilá mú, tó ń wẹ̀yìn wo ìyàwó rẹ̀.