Ìyá Téèpù Ṣẹ́ Ẹ̀yìnkùlé Po

Bí ẹ bá dé àdúgbò náà tí ẹ ní aránṣọ lẹ ń wá, wọ́n lè máa wojú yín. Ẹ ṣáà ti ní Ìyá Téèpù, ọmọdé á mú yín débẹ̀. Téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn obìnrin yìí, àfi tó bá ń wọn nǹkan tàbí tó bá fẹ́ wẹ̀. Aláṣejù ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú àṣejù tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kọjú sí ilé. Tí òjò bá ti rọ̀, omi òkè á wọ́ wá, á sì wọ yàrá ìránṣọ láìkan ilẹ̀kùn. Lọ́dún tó kọjá, ìyá gbé ọkọ́, ó ta okùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì gbẹ́ kòtò kan tó gún régé bí ojú rírán ṣòkòtò. Àṣìṣe aránṣọ gan-an nìyẹn. Omi rí ọ̀nà tààrà, ó ki eré mọ́lẹ̀, ó kó ẹrẹ̀ bo aṣọ oníbàárà mẹ́ta.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀, akọ̀wé báńkì, gbọ́, ó fárígá.

"Màámi, ó tó gẹ́ẹ́. Tí omi bá tún fi lè kan ẹsẹ̀ máṣíìnì yín, ẹ ń bá mi lọ nìyẹn. A ó ta ilé yìí."

"Mo ti gbọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá dọ́kàn. Ogójì ọdún ló ti fi jókòó ti fèrèsé yẹn. Ibẹ̀ ló ti rán aṣọ ilé-ìwé fún ọmọ tó fẹ́ kó o kúrò yìí.

Kò bá a jà. Nígbà tí òjò tún rọ̀ díẹ̀, ó gbé àpótí síta, ó ṣí agboòrùn, ó jókòó, ó ń wo ibi tí omi ń gbà. Ó wò ó bó ṣe máa ń wo oníbàárà tó ń rìn bọ̀, kó tó mọ ibi tí aṣọ máa ti há a. Ó wá yé e. Ikùn tó bá yọ, a kì í na aṣọ lé e lórí gbọnrangandan, ńṣe là ń ṣẹ́ aṣọ po.

Ó dí kòtò àkọ́gbẹ́ yẹn pa, ó wá gbẹ́ mẹ́ta mìíràn dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Ó fi téèpù wọ̀n wọ́n, ó jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan rọra dà sápá òsì, kí omi má sáré, kó má sì dúró. Ó gbin koríko ọba sí etí wọn kí ilẹ̀ má baà ya. Ata tí kì í fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun tutù wà lórí ebè. Kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kó lọ sí kọ̀rọ̀ òsì tí ẹrẹ̀ ti ń gbé bàtà mì.

Bíríkìlà tó múlé tì í rẹ́rìn-ín títí. "Ìyá, ṣé ilẹ̀ náà lẹ fẹ́ rán ni?"

"Ó kúkú ti ya. Ṣé ìwọ lo máa bá mi rán an?"

Ní Sátidé kan, ojú ọ̀run ṣú dùdù. Ọmọ dé pẹ̀lú báàgì ńlá méjì. Òjò náà ò kéré. Tìyá tọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Kòtò àkọ́kọ́ kún, ìkejì kún. Nígbà tí ìkẹta kún dẹ́nu, ìyá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Omi mì síhìn-ín, ó mì sọ́hùn-ún, ó sì yà sápá òsì, ó ń lọ bá ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìyá bọ́ téèpù lọ́rùn, ó wọn ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí omi dé. Ilẹ̀ gbígbẹ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà.

"Báàgì méjì yẹn ńkọ́?" ìyá bi í.

Ọmọ dorí kodò. "Màámi, omi ń wọ ilé tiwa náà. Láti èṣí. Ojú ló ń tì mí."

"Ibẹ̀ lo wá fẹ́ kó mi lọ?"

Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó nu ọkọ́ rẹ̀, ó fi àkísà wé e, ó sì tì í sínú ọ̀kan nínú báàgì tí ọmọ gbé wá láti kó aṣọ ìyá sí.

"Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mò ń lò nílé yín o," ló wí. "Ilé mi ń dúró dè mí."