Ọ̀pọ̀tọ́ Ẹ̀yìn Ilé Àbúrò

Aránṣọ kan wà tí kò lè rí fọ́nrán òwú tó yọ sílẹ̀ kó má gé e. Ohunkóhun tó bá ti yọrí jù, sísọ́ọ̀sì ni. Ìdí nìyẹn tí igi ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìn ilé rẹ̀ fi máa ń rí róbótó bíi fìlà tuntun.

Àfi pé igi ọ̀hún kì í so. Lọ́dún tó bá gbìyànjú, èso méjì, mẹ́ta. Lódìkejì ọgbà, ti àbúrò rẹ̀ obìnrin ń so wọ̀ǹtìwọnti, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀lẹ paraku ni àbúrò yìí. Kò gbálẹ̀ ìdí igi náà rí. Ìyá wọn ló fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó kú, kò sì sẹ́ni tó mọ irú ọ̀pọ̀tọ́ tó jẹ́. Ṣùgbọ́n aránṣọ ti dá ẹjọ́ náà lọ́kàn rẹ̀: Màámi mọ̀. Màámi fún àbíkẹ́yìn ní irú tó dáa, ó fún èmi ní èyí tó ṣẹ́kù.

Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ ẹ́ lọ́kàn débi pé tó bá kúnlẹ̀ àdúrà, tó gbọ́ ẹ̀rín àbúrò rẹ̀ lódìkejì, àmín á há a lọ́fun.

Lọ́jọ́ kan tí àbúrò jáde, ó nawọ́ kọjá ọgbà, ó ṣẹ́ ẹ̀ka kan tòun ti èso. "Olúwa, mi ò ṣojúkòkòrò," ló wí, "mo kàn fẹ́ mọ̀ ni." Ó gé ẹ̀ka eléso kan ṣoṣo tó kù lára tirẹ̀ náà, ó di ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ta igi eléso.

Ọkùnrin náà tẹ́ ewé méjèèjì léra wọn, ó la èso méjèèjì, ó tọ́ wọn wò.

"Mà, mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Mi ò rírú ẹ̀ rí. Àmọ́ ọ̀kan náà ni wọ́n."

"Ẹ tún un wò."

"Mo ti wò ó. Ìyá kan náà ló bí wọn."

"Kí ló wá dé tí tèmi ò fi so?"

Ó fọwọ́ kan ojú ibi tí sísọ́ọ̀sì ti kọjá. "Ta ló ń gé orí ẹ̀ka yìí?"

"Èmi ni. Lọ́dọọdún. Mi ò fẹ́ wúruwùru."

"Ibẹ̀ gan-an ló ti ń so, mà."

Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ délé. Màámi ò ṣojúsàájú. Ó jókòó ti maṣíìnì rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, orin ìyìn sì ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí àbúrò wọlé, tó ń jẹ ọ̀pọ̀tọ́ bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnì kan ti ṣẹ́ ẹ̀ka mi o. Ẹ ò rí olè kankan?"

"Èmi ni." Ó ro gbogbo ẹ̀ fún un.

"Ẹ̀yin náà lẹ kúkú ń fìyà jẹ ara yín. Ṣebí Màámi ti kìlọ̀ pé ká má gé orí ẹ̀ka."

Orin bá dá lẹ́nu aránṣọ. "Ṣé o rí i? Ìwọ ló kìlọ̀ fún. Mo mọ̀."

"Àwa méjèèjì ni. Ẹnu ọ̀nà yẹn ló dúró sí. Ẹ ń ránṣọ lọ, ẹ ní, 'Ẹn-ẹ́n, mo ti gbọ́, Màámi.'"

Òótọ́ ni. Bó ṣe máa ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn nìyẹn. Ó wo ẹnu ọ̀nà náà títí. Àbúrò ṣì ń sọ nǹkan kan nípa èso tó kù nínú abọ́, ariwo maṣíìnì ò jẹ́ kó gbọ́.

Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì, ariwo rẹ̀ dá.

"Kí lo wí?"