Ìbọn Alhaji Gbóná Jù

Nígbà tí mo dé Houston ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo sọ fún gbogbo ará Gulfton, àdúgbò wa, pé ọ̀gá ni mí lẹ́nu iṣẹ́. Irọ́ kọ́. Èmi nìkan ni mo wà nídìí tábìlì kan ní ìgbèríko Cypress, ní pápá tí àwọn àgbàlagbà ti ń fi ìbọn ìṣeré yin ọta ọ̀dà sí ara wọn. Ọ̀gá ara mi ni mo jẹ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n wọn eré ọta. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á kọ́kọ́ yìnbọn kọjá lójú ẹ̀rọ kan tí à ń pè ní kúrónò. Bí ọta bá sáré ju ọ̀ọ́dúnrún ẹsẹ̀ bàtà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a ní ìbọn náà gbóná, kò gbọdọ̀ wọ pápá, torí ọta tó yẹ kó kun èèyàn lọ́dà lásán á ṣe é léṣe. Oòrùn Houston ni ọ̀tá mi: bí ooru bá ti mú gáàsì tó ń ti ọta jáde, tó wà nínú ìgò ara ìbọn, agbára rẹ̀ á le sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn ọkùnrin mọ́ṣáláṣí wa wá ṣeré. Ta ló ṣáájú wọn? Alhaji Múfútáù, bàbá Sìkírá, ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́, tí wọn ò sì tíì dá mi lóhùn. Inú búùtù ọkọ̀ ni ìbọn wọn wà láti àárọ̀. Wọ́n yìn ín, kúrónò sì kà á kọjá ààlà dáadáa.

"Ẹ jẹ́ n bá yín dín in kù díẹ̀, sà."

"Ìbọn tí mo fi owó mi rà? Èmi lo fẹ́ wọ̀n? Young man, I am your father!"

Bí mo bá gbà, wọ́n á ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe. Bí mo bá kọ̀, ó dìgbóṣe fún Sìkírá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, síkúrù-díráífà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ má bínú, sà. Ìbọn yín ò lè wọlé."

Òyìnbó tó ni pápá rí i tí mo balẹ̀ gbì. Ó lọgun, "Get down! Everybody down!" Kíá, gbogbo èrò ti da àyà délẹ̀, òun fúnra rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Alhaji nìkan ló wà lórí ìdúró, tí wọ́n ń wo gbogbo wa.

Wọ́n gbé ìbọn náà lé mi lọ́wọ́. Mo fi ìgò gáàsì tó wà lábẹ́ ibòòji pààrọ̀ tiwọn, mo sì yí síkúrù ara ìbọn títí kúrónò fi gbà.

Òyìnbó náà nu ẹrẹ̀ kúrò ní irùngbọ̀n, ó ní ẹgbẹ́ tí yóò kojú ti Alhaji ò tíì pé, ó ku ẹnì kan, kí n wọlé. Èmi akíkanjú! Níbi tí mo ti ń sá ni ọta ti bà mí nídìí, mo sì ké bí ewúrẹ́. Alhaji jáde láti ẹ̀yìn igi, wọ́n fà mí dìde, wọ́n sì yẹ̀ mí wò. Ọ̀dà búlúù lásán ni.

"Èmi ni mo yìn ọ́ níbọn."

"Mo mọ̀, sà."

"Ká ní o gbà kí n gbé ìbọn gbígbóná yẹn wọlé lẹ́ẹ̀kan, ta ni ǹ bá wá fi Sìkírá fún?"