Baba Gírísì Wá Ọkọ̀ Rẹ̀ Lọ

Kí Baba Gírísì tó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi, ẹ̀rọ ìlọta ló ń tún ṣe. Bó fọwọ́ títí, dúdú kì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ogun dé, ohun tí wọ́n bi í kò ju pé ṣé ó mọ ẹ́ńjìnnì lọ. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Wọ́n bá sọ ọ́ sínú ikùn ọkọ̀.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi yangàn. Abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kó lè gun iyanrìn etí òkun, iwájú rẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀kùn irin ńlá kan. Tí wọ́n bá gúnlẹ̀ níbi ìjà, wọ́n á tú ilẹ̀kùn náà, á balẹ̀ bí afárá, àwọn tánkì ogun á sì máa yí gba orí rẹ̀ jáde. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè é, kò lórúkọ.

Gbogbo ibi tí ọkọ̀ yìí ti jà ni Baba Gírísì dé, kò sì fojú rí ọ̀kankan nínú wọn. Ìsàlẹ̀ lẹ́yìn pátápátá ni yàrá ẹ́ńjìnnì wà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tú ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń pè ní Aṣílẹ̀kùn, ló dà bí ojú fún un. Bí ìjà bá ti rọlẹ̀, Aṣílẹ̀kùn á sọ̀ kalẹ̀ wá, á sọ bí iyanrìn ibẹ̀ ṣe rí àti irú ilé tó wà lókè. Nígbà tí ara bá tù wọ́n, àwọn méjèèjì á jọ jókòó lórí pèpéle irin kan lápá ọ̀tún ilẹ̀kùn, wọ́n á máa jẹun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nǹkan gbá iwájú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ò kú, ṣùgbọ́n Aṣílẹ̀kùn ò sọ̀ kalẹ̀ wá mọ́. Èéfín ti wọ Baba Gírísì láyà, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, kò sì padà síbẹ̀. Ó gbọ́ lẹ́yìn náà pé wọ́n ti tún ọkọ̀ náà ṣe, ó ti padà sójú òkun. Ìyẹn ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Ó fẹ́yàwó, ó bímọ, ó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé ibi tí ọ̀rẹ́ òun máa ń dúró ṣì ń rìn káyé.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, ló gbọ́ pé ọkọ̀ náà wà ní èbúté kan. Lẹ́yìn ogun, wọ́n ti fi kó sìmẹ́ńtì, wọ́n ti fi kó yẹ̀pẹ̀, ó sì ti jókòó sínú ẹrẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó fọ ọ́ fún àwọn àlejò láti máa wò. Òun ló mú bàbá rẹ̀ lọ.

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe èyí tí Baba Gírísì mọ̀. Ó ní ẹni tó kọ ọ́ lè ṣàṣìṣe. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ẹ́ńjìnnì, ó sì rí ìkọ́ tí òun fúnra rẹ̀ jó mọ́ ògiri láti máa fi kọ́ ife rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Àmọ́ nígbà tó dé iwájú, kò rí pèpéle. Ṣéènì ilẹ̀kùn, tó yẹ kó wà lápá òsì, ọ̀tún ló wà. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Ọmọ rẹ̀ rọra dì í lápá mú, ó ń rò pé ọjọ́ ogbó ló dé. Baba Gírísì fúnra rẹ̀ náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀.

Bàbá onírùngbọ̀n kan jókòó síbẹ̀. Ó ní òun lòun ń tú ilẹ̀kùn yìí nígbà ogun. Baba Gírísì ní irọ́ ni, ẹni tó tú u ti kú. Onírùngbọ̀n ní ta ló wà ní yàrá ẹ́ńjìnnì nígbà náà. Baba Gírísì ní òun ni. Onírùngbọ̀n mirí: gbogbo ará ẹ́ńjìnnì àwọn ló jóná mọ́ inú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an yàn-an.

Obìnrin tó ń bójú tó ọkọ̀ náà ló wá là wọ́n. Ó ní ọkọ̀ méjì ni. Ọ̀kan fọ́ níwájú, èkejì jóná lẹ́yìn. Ogun ò sì fún èèyàn láyè, wọ́n gé àwọn méjèèjì láàárín, wọ́n jó ẹ̀yìn èyí tó fọ́ níwájú mọ́ iwájú èyí tó jóná lẹ́yìn. Ó fi ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ hàn wọ́n, ó wú gbọrọrọ bí àpá lára èèyàn.

Baba Gírísì fọwọ́ kàn án. “Iwájú tiwa wá ńkọ́?”

“N ò mọ̀, Bàbá. Bóyá ó wà lábẹ́ omi.”

Ó jókòó. Kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ òun kú tàbí ó yè. Kò mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì tí òun fi ọwọ́ ara òun tọ́jú, tó wá ń ti ilẹ̀kùn ẹlòmíì kiri, ṣì jẹ́ ti òun.

Ojú Onírùngbọ̀n ti yí padà. “Gbogbo ìgbà tí mo bá wá síbí, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ kí àwọn èèyàn mi ní yàrá ẹ́ńjìnnì. Ta ni mo wá ń kí?”

Baba Gírísì yíjú sí i. “Bóyá èmi lẹ ń kí, ẹ̀gbọ́n. Èmi ò kàn gbọ́ ni.”

Nígbà tí wọ́n délé, ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá ó rí ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní òun rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyẹn ní báwo lèèyàn ṣe ń rí ẹ̀yìn ọkọ̀ láìrí iwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó dé àárín, ọ̀rọ̀ náà lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ ní kó jẹun ná.

Òun àti Onírùngbọ̀n ṣì ń pe ara wọn lórí fóònù. Wọn ò tíì fẹnu kò lórí nọ́ńbà wo ni kí wọ́n máa fi pe ọkọ̀ náà.