Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Fọláwùnmí Gbá Bàálù

Ọdún kọkànlá rèé tí Fọláwùnmí ti ń wakọ̀ láàárín àwọn bàálù ní pápákọ̀ òfurufú ìlú Hamburg, kò sì gbá nǹkan kan rí, ì báà ṣe òpó iná. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan tó ní bẹ́líìtì gígùn lórí ló ń wà, èyí tí wọ́n fi ń ti àpótí èrò wọnú ikùn bàálù. Bó bá ti sún mọ́ bàálù, ìrìn ìgbín ni. Yóò dúró, yóò tẹ bíréèkì wò, kó tó tún sún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ̀ Fọláwùnmí máa ń kúnlẹ̀ kí bàálù ni.

Láti oṣù kẹsàn-án ni bíréèkì ọkọ̀ náà ti ń ṣe ségesège. Bí òjò bá rọ̀, tó o bá tẹ̀ ẹ́, ó máa ń kọ́kọ́ ronú ná kó tó mú. Ìwé ńlá kan wà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní Mängelbuch, inú rẹ̀ ni dírẹ́bà ń kọ àbùkù ọkọ̀ sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Fọláwùnmí kọ ti bíréèkì yìí síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni Maximilian, ọ̀gá wọn, kọ "OK" sábẹ́ rẹ̀, tí mẹkáníìkì kankan ò sì fojú kan ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Fọláwùnmí yọ fóònù, ó ya fọ́tò ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í ṣe pé ó ń wá ìjà. Ọ̀rọ̀ náà kàn sú u ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Tuesday kan nínú oṣù kọkànlá, òjò ń rọ̀ wínníwínní. Bàálù tó ń lọ sí Málágà ti wà níbi tó ń dúró sí, àwọn èrò ti jókòó tán. Fọláwùnmí sún mọ́ ọn, ó tẹ bíréèkì, bíréèkì ò mú. Ọkọ̀ náà yọ̀ lọ síwájú, kò ju ìgbésẹ̀ kan lọ, irin iwájú bẹ́líìtì sì gún ara bàálù lábẹ́ ilẹ̀kùn ẹrù. Ìró rẹ̀ ò ju ti ìkòkò téèyàn gbé kalẹ̀ lọ. Ó pa ẹ́ńjìnì, ó sọ̀kalẹ̀, ó wò ó. Ibi tó tẹ̀ wọnú ò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

Maximilian sáré dé. Ó fi àtàǹpàkò nu ojú ibẹ̀. "Ọ̀dà lásán ló họ. Fa ọkọ̀ sẹ́yìn, jẹ́ ká kó ẹrù. Ìṣẹ́jú méjìlá ló kù fún wa."

"Mi ò ní fà á," Fọláwùnmí dáhùn. "Mi ò sì ní kúrò níbí àfi tí mẹkáníìkì bá wò ó."

"Nítorí nǹkan tí ò tó àtẹ́lẹwọ́?"

"Èèyàn ló wà nínú ẹ̀, Maximilian."

Òun fúnra rẹ̀ ló pe mẹkáníìkì lórí rédíò. Elias ni wọ́n rán wá, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, ó fi ìka tọ ojú ibẹ̀ lọ tó bọ̀, ó wá ní bàálù náà ò ní gbéra lónìí. Bí wọ́n ṣe sọ èrò mẹ́rìnléláàádọ́jọ kalẹ̀ sínú òjò nìyẹn.

Àwọn aláàbò pápákọ̀ fi ọkọ̀ aláwọ̀ òféèfèé dé. Wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní kí Fọláwùnmí fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ láti mọ̀ bóyá ó mutí. Lẹ́yìn náà wọ́n gba Vorfeldführerschein rẹ̀, ìwé àṣẹ tó fi ń wakọ̀ láàárín bàálù. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ẹni tó figbe ta pé olè wọlé ni wọ́n wá ń tú àpò rẹ̀.

Nígbà tó délé ní Rothenburgsort, Emilia, ọmọ rẹ̀ ọdún mẹ́tàdínlógún, gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ó ní, "Mama, warum hast du nicht einfach den Mund gehalten?"

"Ṣé kí n panu mọ́? Tó bá jẹ́ ìwọ lo jókòó sínú bàálù yẹn ńkọ́?"

Emilia dìde, ó lọ gbé ọbẹ̀ kaná fún ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà ni lẹ́tà dé láti ilé iṣẹ́: kí ó wá sí Anhörung, ìjókòó ìfọ̀rọ̀wádìí, ní olú ọ́fíìsì wọn ní Berlin. Wọ́n fi ìwé kan kún lẹ́tà náà. Bó bá ti fọwọ́ sí i pé àìfarabalẹ̀ òun ló fa ìjàǹbá náà, ọ̀rọ̀ tán. Ọ̀rọ̀ "àìfarabalẹ̀" yẹn ló dùn ún dé egungun.

Ó wọ reluwé lọ sí Berlin, ó sùn sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, Akínfẹ́mi, ní Märkisches Viertel.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sign ẹ̀," Akínfẹ́mi bẹ̀ ẹ́. "Àwọn èèyàn yìí ò lè gbà pé ẹjọ́ àwọn ni."

"Tí mo bá sign, ṣé bíréèkì yẹn á mú?"

"Kò ní mú. Ṣùgbọ́n ọkàn yín á balẹ̀."

"Ọkàn mi ò balẹ̀ láti September, Fẹ́mi."

Èèyàn mẹ́ta ló jókòó dè é lọ́jọ́ kejì. Maximilian wà lójú kọ̀ǹpútà láti Hamburg. Wọ́n bi í bóyá ó sùn dáadáa, bóyá ó ń lo oògùn, irú bàtà tó wọ̀. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá, kò sẹ́ni tó bèèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ dárúkọ bíréèkì, Maximilian ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́ létí òun rí.

Fọláwùnmí gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, fọ́tò ojú ìwé mẹ́ta náà wà lójú rẹ̀. Obìnrin tó jókòó láàárín fi ìka fẹ fọ́tò náà lójú, ó wò ó pẹ́, ó sì yí i sí kọ̀ǹpútà. "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ OK yìí?"

Maximilian ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, òun ò ríran dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí èsì tó dé. Wọ́n dá ìwé àṣẹ rẹ̀ padà. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àtàwọn mẹ́rin míì tí bíréèkì wọn ò dáa. Òun àti Emilia ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n ti tọrọ àforíjì. Wọn ò rí i. Ohun tí wọ́n rí nísàlẹ̀ ni pé kí ó wá gba ẹ̀kọ́ ìdajì ọjọ́ lórí ìwakọ̀ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, ní Saturday tí ẹgbẹ́ akọrin tí Fọláwùnmí ń bá kọrin máa ń ṣe ìdánrawò. Emilia rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Fọláwùnmí ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ó lọ, ó jókòó, ó fọwọ́ síwèé pé òun wá.

Ọjọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, Elias wá bá a.

"Lábẹ́ ibi tó tẹ̀ yẹn," ó ní, "irin tó di ara bàálù mú ti sán. Ó gùn tó ìka mẹ́rin."

"Ká ní wọ́n gbéra ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀. Bóyá nǹkan kan ì bá má ṣe é." Elias wo ilẹ̀. "Bóyá."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Fọláwùnmí gun ọkọ̀ tuntun tí wọ́n fún un, ó tẹ bíréèkì wò lẹ́ẹ̀mejì. Rédíò ti ń pariwo pé bàálù Stuttgart ti dé, kí ló ń dá a dúró. Ó ní kí wọ́n ní sùúrù, òun ń bọ̀.