Bí Tíkẹ́ẹ̀tì Ìjọ Ṣe Wọn Ẹnu Pọ́lọ́ọ̀gì

Òkè kan wà lọ́nà Òṣogbo sí Iléṣà nígbà ayé òyìnbó, ó ga débi pé ẹyẹ ń sinmi láàárín rẹ̀ kí ó tó gùn ún tán. Ẹ má bá mi jiyàn. Èmi ni mo wakọ̀ gùn ún.

Takisí kékeré kan ni mò ń wà ní Òṣogbo, mo sì ń fẹ́ ọmọ àgbẹ̀ kòkó kan ní Iléṣà. Bàbá ọmọ kò fẹ́ràn awakọ̀. Sọ́ńdè kan, ó ní kí n gbé òun láti Òṣogbo padà sílé, nítorí wọ́n fẹ́ fi tíkẹ́ẹ̀tì kíláàsì titun, páálí tí a fi ń mọ ọmọ ìjọ, pààrọ̀ ti àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wọn.

"Bí a bá dé kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì kejì tó lù, kí àwọn ẹbí rẹ wá tọrọ ọmọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ ti ọkọ̀ yìí pẹ́nrẹ́n, má jẹ̀ẹ́ kí n rí ẹ lẹ́nu ọ̀nà mi mọ́."

Ọkàn mi balẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé ni fítà kan ní gáréèjì tí wọ́n ń pè ní Old Garage lónìí, tí kò tíì gbó rárá nígbà náà, ti bá mi yọ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin tó ti jóná, tó fi titun tó dára jù wọ́n lọ sí i. Pọ́lọ́ọ̀gì ni í ṣáná sí bẹntiróòlù nínú ẹ́ńjìnnì. Iná náà ń fò láti orí irin kan sí èkejì. Àlàfo àárín wọn là ń pè ní ẹnu rẹ̀.

"Má fọwọ́ kan ẹnu wọn o," ni fítà wí. "Mo ti wọ̀n wọ́n."

Ṣùgbọ́n èmi tí mo ka Sítáńdáàdì Kejì, mo rò ó pé ẹnu tó bá là gbòò ni yóò pọ iná gbòò. Mo fi ọ̀bẹ la gbogbo wọn sí i.

Níbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú, a sáré débi pé òjìji wa kò bá wa mọ́. Ó yà sóko ẹnìkan lọ sinmi. Nígbà tí a kan òkè yẹn, ọkọ̀ wúkọ́, ó sín, ó kú.

"Àna mi ọ̀la," ni bàbá wí láti ẹ̀yìn, "ṣé kí n bọ́ agbádá?"

"Ẹ jókòó, bàbá! Ẹ má tì í o!"

Ó wá yé mi pé ẹnu tí mo là ti gbòòrò jù, iná kò lè fò ó mọ́. Mo tú pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ń fi òkúta kan irin wọn padà díẹ̀díẹ̀. Níbo ni n óò dé kí n dúró? Mo rántí pé páálí tí fítà ká sí méjì ló fi wọn tirẹ̀. Ojú mi bá bọ́ sínú ìwé orin bàbá. Tíkẹ́ẹ̀tì kíláàsì rẹ̀ àtijọ́ yọrí níbẹ̀, páálí pẹlẹbẹ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní tíkẹ́ẹ̀tì yín."

"Orí ẹ dàrú ni? Bí mo bá kú láìní i lọ́wọ́, ìjọ ò ní sin mí. Ṣé ìwọ lo máa sin mí?"

"Ẹ ò ní kú kí agogo kejì tó lù, bàbá."

Ó wò mí, ó wo òkè, ó wo aago. Ó nà án sí mi bí ẹni ń yọ eyín ara rẹ̀. Mo ká a sí méjì, mo fi wọn ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dá wọn padà, mo tẹ sítátà. Ọkọ̀ bú ramúramù! A gùn ún débi pé díẹ̀ ló kù kí n kọjá Iléṣà lọ sí Òṣú.

Agogo kejì kò tíì lù tí bàbá fi wọlé. Mo fi etí sí ojú fèrèsé. Olórí kíláàsì gba tíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé tí èyí dúdú báyìí, tó tún ń rùn bẹntiróòlù?"

Bàbá tún agbádá rẹ̀ ṣe.

"Ọkọ ọmọ mi ló fi wọn nǹkan," ni ó wí. "Fún mi ní titun, jàre."