Mẹ́ta Nínú Márùn-ún

Ọjọ́ tí wọ́n yàn mí ní alága àwọn òbí ní ilé ìwé abúlé wa, oko ni mo wà, mò ń wú ẹ̀gẹ́. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn ní apá ọ̀dọ̀ wa ní Lágelú: ẹni tí kò bá sí ní ìpàdé ni wọ́n ń gbé ẹrù lé lórí. Wọ́n ní mo kàwé. Ìwé wo? Mo ka pírámárì tán, mo wọ ilé ìwé girama fún ọdún kan àti ààbọ̀, bàbá mi ní kí n wá gba ọkọ́. Ìyẹn tó láti ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò ajílẹ̀. Kò tó láti jókòó níwájú fọ́ọ̀mù ìjọba.

Ẹ̀rù bébà máa ń bà mí, mi ò ní purọ́. Mo ti fi ọkọ́ lu paramọ́lẹ̀ pa rí, mo sì padà sídìí èbè mi bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé bébà síwájú mi, tó ní, “Ẹ fọwọ́ sí i níbí,” òógùn á bò mí títí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Olùkọ́ mẹ́rin ló wà ní ilé ìwé náà fún kíláàsì mẹ́fà. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀dọ̀ mi ló dàgbà sí, bàbá náà ló sì ń pè mí. Kíláàsì kejì ni wọ́n fún un. Nígbà tó débẹ̀, ìwé kíkà mẹ́ta péré ni gbogbo kíláàsì ní, eku sì ti jẹ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àpò oúnjẹ adìẹ, àpò ajílẹ̀ àti páálí ọṣẹ. Ó ń fọ̀ wọ́n, ó ń sá wọn, ó ń fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ ara ògiri. Ohun tí àwọn ọmọ fi ń kàwé nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, aládùúgbò mi kan gbé gálọ́ọ̀nù oògùn tó ń pa koríko lọ sí oko àgbàdo rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wà ní kíláàsì ọmọ wa yìí, ka ara gálọ́ọ̀nù náà, ó ní, “Bàbá mi, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n kọ síbí, wọn ò kọ àgbàdo.” Àgbàdo ọkùnrin yẹn ìbá ti jóná pátá.

Síbẹ̀, ọdún mẹ́fà gbáko ni ọmọ yìí ti wà lójú kan náà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà kan wọ́n ní fọ́ọ̀mù rẹ̀ sọnù. Nígbà kejì wọ́n ní fọ́ọ̀mù dé, àmọ́ ó pẹ́ kó tó dé. Lọ́tẹ̀ yìí ni ọ̀gá ilé ìwé wá pè wọ́n, ó ní ẹni tí máàkì rẹ̀ bá dára ni wọ́n ó pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìgbéga ní Ìbàdàn, ẹni tí wọn ò bá pè, kó máa retí ìgbà tí ìjọba bá tún rántí. Ẹnikẹ́ni ò sì mọ ìgbà yẹn.

Alábẹ̀wò kan ti kọ́kọ́ wá láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Ọmọ mi kejì ju ọkùnrin náà lọ. Ó wọ kíláàsì ọmọ wa, ó ṣí nóòtù ìkọ́ni rẹ̀, ó béèrè ìdí tí kò fi fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ àkọlé. Ó ka iye àwòrán tó wà lára ògiri. Ló bá rí àwọn àpò.

“Kí ni àpò oúnjẹ adìẹ ń ṣe nínú kíláàsì?”

“Òun ni wọ́n fi ń kàwé, sà.”

“Ṣé ó wà nínú ìlànà?”

“Kò sí nínú ìlànà, sà.”

Ó kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù máàkì. Kò ní kí ọmọ kan la ẹnu. Ọmọ márùndínlógójì jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wò ó, ìwé kíkà kún ẹnu wọn bí omi, kò bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Ojú fèrèsé ni mo wà. Èmi alága. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ohun tí mo sọ ni, “Ẹ kú iṣẹ́, sà.” Nígbà tí kò gbọ́, mo tún un sọ.

Ní kíláàsì tó tẹ̀lé e, olùkọ́ tí kì í wá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀ ti yá àwòrán mẹ́fà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Olódò. Alábẹ̀wò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ó wá ku ojú ewé tó gbẹ̀yìn nínú fọ́ọ̀mù náà, èyí tí aṣojú àwọn òbí gbọ́dọ̀ kọ. Ìbéèrè márùn-ún ni, kí n fi máàkì sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti oókan dé márùn-ún. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ fún, pé kó gbé e lọ bá ẹni tí yóò máàkì òun. Bí ìgbà tí wọ́n ní kí àgbò di okùn ọrùn ara rẹ̀ mú lọ sọ́jà.

Ọmọ wa bá mi níbi tí a ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ó jókòó sórí àpótí níwájú mi, orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, ó ń túmọ̀ òyìnbó inú fọ́ọ̀mù sí Yorùbá fún mi. Àwọn obìnrin méjì tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi ọ̀rọ̀ tiwọn sílẹ̀, wọ́n ń gbọ́ tiwa.

“Ó bi yín, Bàbá, bóyá àwọn ọmọ ń mọ̀wé lọ́dọ̀ mi.”

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní, “Ẹ jẹ́ á gbọ́ o, Alága. Ọmọ yín kúkú ni. Ẹ fún un ní mẹ́wàá nínú márùn-ún.”

Èkejì rẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni pé a kì í yin ọmọ lójú ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń yin ọmọ tirẹ̀ lójú òde, ó ń fi ọmọ náà hàn fún ayé nìyẹn. Ọmọ náà rèé, ó ń wo ẹnu mi. Ayé náà rèé, wọ́n mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Mo kọ mẹ́ta. Mo tún kọ mẹ́ta. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ó ń tètè dé, mo rántí ọjọ́ òjò kan tó pẹ́, mo kọ méjì, kí wọ́n lè mọ̀ pé mi ò ṣe ojúsàájú. Lójú tèmi, mẹ́ta nínú márùn-ún, ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni. Bí mo bá gba ọgọ́ta nílé ìwé, ìyá mi á pa adìẹ.

Ọmọ náà wo bébà yẹn pẹ́. Ó ní, “Ẹ ṣé, Bàbá.” Ó ká a, ó lọ. Inú mi dùn pé mo hùwà àgbà.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ilé ìwé gun alùpùpù wá bá mi, kò tiẹ̀ pa á.

“Alága, kí ni ọmọ yìí fi ṣe yín?”

“Ọmọ wo?”

“Ọmọ yín. Ẹ fún un ní mẹ́ta mẹ́ta, ẹ tún fún un ní méjì lé e.”

“Ó pẹ́ lọ́jọ́ òjò.”

“Olùkọ́ tí kì í wá déédéé yẹn ńkọ́? Ẹ̀yin yìí náà lẹ fún un ní márùn-ún márùn-ún.”

Òótọ́ ni. Ó gbé tirẹ̀ wá, mo fi márùn-ún kún un látòkè délẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ni. Ṣé ọwọ́ mi ni oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ yóò ti bàjẹ́? Mo ṣàlàyé èyí fún ọ̀gá ilé ìwé. Ó di orí mú.

“Alága, mẹ́ta yẹn yóò yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tí wọ́n ó pè. Bí máàkì àwọn olùkọ́ mi bá sì kéré, èmi náà ni wọ́n ó bi. Wọ́n ń máàkì èmi náà o. Ẹ ó lọ sí ọ́fíìsì, ẹ ó lọ tún un ṣe.”

Oúnjẹ ò wọlé sí mi lẹ́nu títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo gun ọ̀kadà dé títì, mo wọ mọ́tò, mo dé ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀. Mo ka Fátíhà lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́nu ọ̀nà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí wọ́n fi kírun ọ̀sán tán. Ìgbà méjì ni mo dìde pé kí n máa lọ sílé, tí mo tún jókòó.

Obìnrin kan ló pè mí wọlé. Fáìlì yí i ká bí ọgbà.

“Bàbá, lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tó bá gba mẹ́ta, ẹni tó yẹ ká máa ṣọ́ ni.”

“Lọ́dọ̀ tiwa, mà, ó ti yege.”

“Kí ló dé tí ẹ ò fún un ní márùn-ún bí gbogbo ayé?”

“Ó jókòó níwájú mi, mà.”

Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ti bébà kan sọ́dọ̀ mi pé kí n kọ ìdí ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo bi í bóyá Yorùbá ṣe é kọ, ó ní kí n kọ èyí tí mo bá mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo pa ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ́, mo tún wọn kọ. Mo kọ ọ̀rọ̀ àwọn àpò. Mo kọ ọ̀rọ̀ gálọ́ọ̀nù oògùn. Mo kọ pé ọmọ kan wà tí kì í sọ̀rọ̀ rárá, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ olùkọ́ yìí ló ti kọ́kọ́ la ẹnu, ó ka “ọṣẹ” lára páálí. Mo kọ pé bí mo bá ní irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi, bóyá ǹ bá má bẹ̀rù bébà báyìí. Mo yí i padà, mo kọ ẹ̀yìn rẹ̀ náà kún.

Ó kà á tán, iwájú àtẹ̀yìn. Ó ní, “Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí dára. Kò kàn sí ibi tí a ó fi sí ni.” Ó dá a padà fún mi, ó fa ojú ewé tuntun kan yọ. “Ẹ kọ márùn-ún síbẹ̀, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ fọwọ́ sí i.”

Mo kọ ọ́. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú dòní nìyẹn. Fọ́ọ̀mù náà nípọn bí ìwé àdúrà, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti béèrè àwọ̀ báírò, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti béèrè iye àwòrán. Ibi tí ènìyàn ti lè sọ pé olùkọ́ yìí ń kọ́ ọmọ níwèé, kò sí.

Wọ́n pe ọmọ wa. Ó lọ sí Ìbàdàn, wọ́n bi í ní orúkọ àwọn ọ̀gá ìjọba, ó dáhùn, wọ́n gbé e ga. Lọ́jọ́ Sátidé, ní àárọ̀, ó wá sọ fún mi, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ pé mo bá òun tún un ṣe. Mo ní kó dìde. Ó dìde, ṣùgbọ́n kò lọ.

“Bàbá, ẹ má bínú, mo fẹ́ bi yín léèrè nǹkan kan.”

“Bi mí.”

“Mẹ́ta ọjọ́sí. Ṣé bí ẹ ṣe rí mi nìyẹn?”

Mi ò mọ̀ pé ohun tó gbé mì láti ọjọ́ yẹn nìyẹn. Mo wọlé, mo mú bébà tí mo kọ ní ọ́fíìsì lábẹ́ ẹní ìkírun mi, mo fi lé e lọ́wọ́.

“Má ì ṣí i. Jẹ́ kí n lọ ná.”

“Níbo, Bàbá?”

“Mo fẹ́ lọ wo ẹ̀gẹ́ ẹ̀bá odò.”

“Ṣebí ibẹ̀ lẹ ti ń bọ̀ yẹn?”

Mo ti mú àdá. Mi ò tíì dé ẹ̀yìn ilé ìdáná tí mo gbọ́ ìró bébà tó ń tú. Mo ki eré mọ́lẹ̀.